Àwa Ará Ẹ̀yìn Báńdì Kémta

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ìlù ńlá báńdì Kémta lọ, tọ́rọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọdé kí ó tó wọ pápá ìdíje báńdì. Ẹni tí kò bá ní tọ́rọ́ á gun igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ọgbà, á sì ríran ju ẹni tó sanwó lọ. Kọ́bọ̀ kan péré la fi ń ra àkàrà tó máa kún ọwọ́, bí eépìnnì bá sì kù lápò, ẹ̀kọ tútù nìyẹn. Lọ́dún yìí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni mo san kí n tó jókòó sórí àga oníke kan ní Òkè-Ìlèwó láti wo irú ìdíje kan náà. Ọmọdébìnrin tó ń ta gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà sọ fún mi pé ẹgbẹ̀rún kan ni ọ̀rá kan. Mo ní, “Ẹgbẹ̀rún kan kẹ̀?” Ó ní, “Bàbá, tó bá ti wọ́n jù, ẹ lè máa wò ó.” Mo wò ó lóòótọ́. Mi ò rà á.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí ohun tí báńdì jẹ́ nígbà náà. Kò sí ìjọ tó mọ iyì ara rẹ̀ ní Abẹ́òkúta tí kò ní tirẹ̀, ti ìjọ wa ní àdúgbò Kémta sì ni mò ń sọ yìí. Àwọn ọmọkùnrin á wọ ṣòkòtò péńpé kakí tí wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ títí tí ó fi le bí pákó, fìlà wọn á sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi pé ó fẹ́ já bọ́. Ìlù kéékèèké ló máa ń ṣáájú, ìlù ńlá á wà láàárín, àwọn onífèrè idẹ á tẹ̀ lé e. Ọ̀gá báńdì á wà níwájú gbogbo wọn, á máa ju ọ̀pá rẹ̀ sókè, á sì máa hán an bí ẹni tí kò bìkítà. Lọ́dọọdún ni àwọn báńdì ilẹ̀ Ẹ̀gbá máa ń pàdé láti díje fún ife kan, ọ̀dọ̀ wa ní Abẹ́òkúta lọ́dún kan, ìlú mìíràn lọ́dún mìíràn.

Kí ẹ má baà ṣì mí mọ̀, mi ò lu ìlù rí. Tíṣà ni bàbá mi, ó sì ti pinnu pé ọmọ òun kankan kò ní fi ọ̀pá ìlù dípò pẹ́ńsùlù. Ará ẹ̀yìn báńdì ni mí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe àwa ọmọdé tó ń tẹ̀ lé báńdì kiri. Ẹ má fojú kéré ipò yẹn o. Àwa là ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ fèrè idẹ títí á fi máa kọ mànà, omi ọsàn á sì máa ta wá níbi gbogbo tí nǹkan bá ti gé wa lọ́wọ́. Àwa là ń sá ìlù sóòrùn kí awọ rẹ̀ lè le, a ó sì máa ṣọ́ ọ, nítorí ewúrẹ́ Kémta kò kọ̀ láti fi ẹsẹ̀ tẹ awọ ẹbí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Owó iṣẹ́ wa ni pé bí báńdì bá ti gbéra, a láṣẹ láti rìn lẹ́yìn wọn kí eruku ẹsẹ̀ wọn máa bò wá.

Ọ̀sán Sátidé ni ìdánrawò máa ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n sì máa ń rán mi lọ pọn omi. Ẹ ti mọ ìyókù. Ìlù á dún, mà á gbé korobá sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, ẹsẹ̀ mi á sì gbé mi lọ. Nígbà tí mo bá fi máa padà, ẹlòmíràn ti gbé korobá, bàbá mi sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyà tèmi ni kí n kúnlẹ̀, kí n kọjú sí ògiri, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ṣùgbọ́n ògiri kò dí ìlù. Lọ́jọ́ kan, ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í lu afẹ́fẹ́ níbi tí mo nà án sí. Bàbá mi gbé ìwé tó ń kà sílẹ̀, ó ní, “Àṣé ìka náà ń jó? Ó dáa. Jẹ́ kí ó jó tẹ́rùn.” Ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Ìyá mi ló wá bá mi bẹ̀bẹ̀, ó ní, “Bàbá Káyọ̀dé, ẹ dákun, ọwọ́ ọmọ yìí fẹ́ já.” Ó fi ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín tù mí nínú, ó ní kí n má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò sí ibi tí ènìyàn lè yíjú sí ní Kémta tí kò ní rí àpáta. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni báńdì wa ti ń dánra wò, àpáta ńlá kan sì dúró síbẹ̀ bí ògiri ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí wọ́n bá kọjú sí i lu ìlù, àpáta á dá ìlù náà padà. Báńdì mìíràn ì bá ti wá ibòmíràn lọ, nítorí ohùn tó ń padà bọ̀ yẹn a máa da orí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ rú. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Láńre, ọ̀gá báńdì wa, ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ nígbà náà, kì í sì í jẹ́ kí àjákù kankan ṣòfò. Ó fi ohùn àpáta ṣe ìlù fún ìdíje. Báńdì á lu gbì-gbì-gbà, gbogbo wọn á dákẹ́ lójijì, ọ̀pá ìlù á dúró sókè. Àpáta á dáhùn: gbì-gbì-gbà. Bí ó bá ti dáhùn tán, wọ́n á ki òmíràn mọ́ ọn. Báńdì á béèrè, àpáta á fèsì, bíi pé báńdì méjì ló ń bára wọn sọ̀rọ̀. Àwọn àgbàlagbà tó ń ti oko bọ̀ á sọ ẹrù wọn kalẹ̀ láti gbọ́.

Súlè ló ń lu ìlù ńlá. Ọmọ mùsùlùmí ni, ilé aláṣọ ni wọ́n ti bí i, bí wọ́n bá sì ti kírun ọ̀sán tán ló máa ń sáré wá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá rẹ̀ ní òun kò rí ohun tó burú nínú ìlù lílù, bí wọn kò bá ti ní kí ó kọrin.

Nínú àwa ará ẹ̀yìn, Mọ́jí ni ọ̀gá. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí agogo ilé ẹ̀kọ́. Ó mọ gbogbo ìlù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí báńdì ń lù àti èyí tí àpáta ń dáhùn. Ó ti lọ bá Bọ̀dá Láńre rí pé òun náà fẹ́ gbé ìlù kékeré kọ́rùn. Bọ̀dá Láńre ní, “Mọ́jí, ọmọbìnrin kì í wọ ṣòkòtò péńpé.” Mọ́jí ní, “Bọ̀dá, ìlù ni mo tọrọ. Ta ló bá yín sọ̀rọ̀ ṣòkòtò?” Gbogbo wọn fi rẹ́rìn-ín, wọn kò sì fún un.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, báńdì wa ti wọ wàhálà. Bàbá Ìjọ, àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ní àwọn ọmọ kò kàwé mọ́, pé ariwo kò jẹ́ kí òun rí oorun ọ̀sán sùn, pé ife kò sì wọ Kémta rí. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, ó dìde níwájú gbogbo ìjọ, ó ní, “Ẹ ó lọ sí ìdíje ní Pápáláńtò. Bí ẹ bá gbé ife bọ̀, mo di ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹ kò bá gbé e bọ̀, mà á ti àwọn ìlù wọ̀nyẹn mọ́ yàrá ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ á sì máa gbé inú àpò mi.” Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé kì í halẹ̀ lásán. Mi ò mọ bí ọkàn àwọn ará báńdì ṣe rí, ṣùgbọ́n èmi kò lè jẹ láfún yó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ìlù bá dákẹ́ ní Kémta, kí ni n ó máa torí rẹ̀ kúnlẹ̀?

Lọ́rì onípákó kan ló kó wa lọ sí Pápáláńtò, báńdì níwájú, àwa ará ẹ̀yìn lẹ́yìn pẹ̀lú ìrẹsì ọ̀fadà tí àwọn ìyá wa pọ́n séwé. Nígbà tí a fi débẹ̀, eruku funfun láti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà nítòsí ibẹ̀ ti kun irun wa. Báńdì Pápáláńtò ti tò sórí pápá pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù tuntun. Fẹ́mi ni orúkọ ọ̀gá wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bíi ti lékelèké, bó sì ṣe ń gbé e ń pa àwọn ọmọbìnrin lẹ́rìn-ín. Àwọn ará ẹ̀yìn tiwọn rí wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀: “Ará Kémta, ṣé òkúta lẹ wá fọ́ àbí ìlù lẹ wá lù?” Mọ́jí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì tán tó fi dá wọn lóhùn pé, “Ẹ kọ́kọ́ gbọn sìmẹ́ńtì kúrò létí yín ná, kí ẹ lè gbọ́ wa dáadáa!”

Báńdì wa wọ pápá, wọ́n sì rìn bí ẹni tí wọ́n fi òwú kan ṣoṣo so pọ̀. Mo rí inú Bọ̀dá Láńre tó ń dùn láti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ìgbà tó kan ìlù àpáta, wọ́n lu gbì-gbì-gbà, wọ́n dákẹ́, ọ̀pá ìlù dúró sókè.

Ohunkóhun kò dáhùn.

Ilẹ̀ Pápáláńtò tẹ́jú lọ rẹrẹ. Oko ẹ̀gẹ́ ló yí pápá náà ká, ìlù wa wọnú ewé ẹ̀gẹ́ lọ, kò sì bọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ó tẹ́lẹ̀, títí kan Bọ̀dá Láńre alára. Ta ni yóò tilẹ̀ rò ó, nígbà tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, a kò tíì sọ̀rọ̀ sókè kí àpáta má dá sí i? Ó ti mọ́ apá àwọn onílù lára láti dúró dè é, wọn kò sì mọ bí wọn ó ṣe tẹ̀ síwájú láìgbọ́ ọ. Mo rí Súlè tó yíjú sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n pè. Ẹnì kan kígbe láàárín èrò pé, “Wọ́n ti gbàgbé!” Ẹ̀rín sọ. Bọ̀dá Láńre tún fi ọ̀pá rẹ̀ ṣe àmì, wọ́n tún lù ú, wọ́n tún dákẹ́. Oko ẹ̀gẹ́ tún gbé e mì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí kọ́kọ́rọ́ lójú mi, mo rí i bó ṣe ń wọ àpò Bàbá Ìjọ.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: pá-pá-pàá. Mọ́jí ni. Òun nìkan, àtẹ́lẹwọ́ méjì péré. Gbogbo ojú yí sí i, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Súlè gbọ́ ọ, eyín rẹ̀ funfun, ó gbé ọwọ́ sókè, ó lu ìlù ńlá, báńdì sì tẹ̀ lé e: gbì-gbì-gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi náà wà nínú ìdáhùn. Gbogbo àwa tí lọ́rì gbé wá la fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dáhùn, ilẹ̀ sì ń mì. Wọ́n béèrè, a fèsì. Wọ́n sáré béèrè, a sáré fèsì. Ẹ̀rín ti parẹ́ lẹ́nu àwọn ará Pápáláńtò. Ìyá kan tó ń ta ọsàn gbé àtẹ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, ó ń yún mi lọ́wọ́!” Nígbà tí ó parí, ariwo gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Àwọn adájọ́ ṣe ìpàdé wọn pẹ́. Olórí wọn dìde, ó ní báńdì Kémta lu ìlù dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran wọn dá sí eré, òfin kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé máàkì wa. Pápáláńtò gba ife. Olórí adájọ́ wá pe Bọ̀dá Láńre síwájú gbogbo èrò, ó ní bí ó bá lè tọrọ àforíjì nítorí àwọn òǹwòran rẹ̀, àwọn yóò fún wa ní ipò kejì. Gbogbo wa ń wo ẹnu Bọ̀dá Láńre. Ipò kejì lè tu Bàbá Ìjọ lójú, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú sà, mi ò mú òǹwòran kankan wá. Báńdì Kémta ni gbogbo wọn.” Wọ́n fi wá sí ipò ìkẹyìn. Mo ti lọ sí yunifásítì láti ìgbà náà, mo ti jókòó níbi tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò tíì gbọ́ gbólóhùn tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Bàbá Ìjọ mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìlù àti fèrè ti wọ yàrá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sátidé pé, Mọ́jí lọ láti ilé dé ilé, ó ní ìdánrawò wà. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, mo kọjú sí ògiri, mo na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Kí lo ṣe?” Mo ní mi ò tíì ṣe nǹkan kan sà, mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀ sílẹ̀ ni, nítorí mò ń lọ. Ó ní, “Dìde. Kí ilẹ̀ má ṣú bá ọ níta.”

Àwọn ọmọ báńdì tò bí wọ́n ṣe máa ń tò, yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn, ọwọ́ lófìfo. Wọ́n ń fi ẹnu lu ìlù, wọ́n ń fi ẹnu fọn fèrè, àwa ń fi ọwọ́ dáhùn, a sì gba iwájú ilé Bàbá Ìjọ kọjá lásìkò oorun ọ̀sán rẹ̀. A yí po, a tún gba ibẹ̀ padà. Sátidé tó tẹ̀ lé e, èrò pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, Bàbá Ìjọ ṣí fèrèsé, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, “Kí lẹ̀ ń fẹ́ gan-an?”

Bọ̀dá Láńre dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. A kò fẹ́ nǹkan kan. Ìdánrawò ni.”

“Láìsí ìlù?”

Mọ́jí kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí ó tó sọ ọ́: “Ìlù wà, Bàbá. Kọ́kọ́rọ́ yín ni kò ká a.”

Mo rò pé ọ̀run máa ya. Bàbá Ìjọ wo Mọ́jí, ó wo gbogbo wa, ó ní, “Èyí tí ẹ̀ ń fi ẹnu ṣe yìí, bí ìgbà tí ikọ́ ń ṣe ewúrẹ́ ló rí. Ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ jẹ́ kí n gbádùn.” Bọ̀dá Láńre fẹ́ fi ìlù kékeré kan dá Mọ́jí lọ́lá lọ́jọ́ tí wọ́n kó ìlù jáde. Mọ́jí kọ̀ ọ́. Ó ní òun ti níṣẹ́ tòun.

Ẹ ó rò pé a gba ife lọ́dún tó tẹ̀ lé e. A kò gbà á. A pàtẹ́wọ́, wọ́n gé máàkì wa. Ọdún kejì, bákan náà. Kémta kò gba ife yẹn rí títí ìdíje náà fi dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì fi ọjọ́ kan dákẹ́.

Ní tòde òní, ọ̀pọ̀ nǹkan ló dára, mi ò ní purọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ fèrè fọn ju tiwa lọ. Àwọn ọmọbìnrin ń lu ìlù, ọmọ ọmọ mi wà lára wọn, kò sì sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Ìlèwó tí mo lọ yìí, ìdajì ohun tí mo gbọ́ ló jẹ́ pé inú sípíkà ló ti wá, wọ́n ti gbà á sílẹ̀ láti ilé, àwọn ọmọ kàn ń jó sí i. Àwọn òǹwòran na fóònù sókè, ojú wọn wà lára fóònù. Nígbà tí inú mi dùn tí mo dìde pàtẹ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so káàdì mọ́rùn wá bá mi, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. A ń ká a sílẹ̀ ni.” Mo ní, “Ọmọ mi, ṣé òkú ló wà nílẹ̀ ni?” Ó ní kí n jókòó. Mi ò jókòó. Ẹsẹ̀ dùn mí títí wọ́n fi parí, mi ò sì jókòó. Báńdì tí kò nílò ẹni tó ń wò ó, kí ló dé tí ó ń gbowó lọ́wọ́ mi?

Bọ̀dá Láńre ti lọ. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rẹ̀ ló kú sí, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Bàbá Ìjọ ti lọ tipẹ́, báńdì wa ló sì fi ìlù sin ín dé itẹ́. Bàbá mi àti ìyá mi ti lọ. Súlè wà láàyè, ó ti di Alhaji, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́, ó ní ìlù ńlá ló gbà á lọ́wọ́ òun, kò sì kábàámọ̀. Mọ́jí wà láàyè, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí ó má pariwo mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kí wọ́n lọ sọ fún ẹ̀jẹ̀. Fẹ́mi Pápáláńtò náà wà láàyè. Ó ń pè mí lórí fóònù lọ́pọ̀ ìgbà láti sọ fún mi pé ife wà ní yàrá àlejò òun, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni. Mo máa ń sọ fún un pé kí ó máa nù ún lọ, pé àwa la gbà á lọ́jọ́ yẹn, gbogbo Pápáláńtò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. À ń jiyàn títí owó fóònù á fi tán. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mò ń gbàdúrà fún ẹ̀mí Fẹ́mi. Bí òun bá lọ, ta ni n ó máa sọ ọ́ fún?